Kì í ṣe copper sulphate ló ba jẹ́látìn yín jẹ́

Ẹ má tíì dà á nù. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ẹ po copper sulphate, ìyẹn iyọ̀ bàbà, mọ́ jẹ́látìn, purotéènì tí wọ́n ń rí lára awọ ẹran, kí ẹ lè rí asẹ́ ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró, ó wá rú bí omi ọṣẹ. Ẹnì kan ní kí ẹ kán caustic soda sí i, ló bá di elése àlùkò. Ẹ wá ń bèèrè bóyá ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Rárá o. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ rírú lọ́tọ̀. Èmi náà da abọ́ jẹ́látìn tí mi ò lè kà nù kí n tó mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọ̀ ná. Bàbà tó yọ́ sínú omi kì í dá wà, omi ló yí i ká, bí omi sì ṣe dì mọ́ ọn ló sọ ọ́ di aláwọ̀ aró. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé mì jù lọ wà ní nǹkan bíi nánómítà 800 (nánómítà ni wọ́n fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀). Ojú wa ò lè rí ibẹ̀, àmọ́ ìrù rẹ̀ wọ inú pupa, aró ló sì kù fún wa láti rí. Nígbà tí caustic soda dé, nitrogen tó wà lára okùn jẹ́látìn ráyè di bàbà mú, ó sì lé omi kúrò níbẹ̀. Ibi tí bàbà ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì bá sún wá sí nǹkan bíi 550, láàárín àwọ̀ ewé. Pupa àti aró tó ṣẹ́kù lẹ ń rí ní elése àlùkò yẹn. Àgùntàn tó bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́; ẹni tí irin bá bá rìn ló ń fún un láwọ̀. Biuret ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá purotéènì wà nínú nǹkan. Nítorí náà, èyí tó wà lọ́wọ́ yín kò bàjẹ́. Asẹ́ mìíràn ni, àwọ̀ ewé ló ń dí, kì í ṣe pupa.

Rírú yẹn ló gba àkókò mi jù. pH ni ìwọ̀n ásíìdì inú nǹkan; bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó. Iye pH kan wà fún jẹ́látìn kọ̀ọ̀kan tí charge (agbára iná mànàmáná) rere àti charge òdì ara rẹ̀ máa ń pa ara wọn rẹ́. Tó bá ti débẹ̀, àwọn okùn rẹ̀ ò ní lé ara wọn sẹ́yìn mọ́, wọ́n á ṣùpọ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì máa fọ́n ká lára wọn. Jẹ́látìn tí wọ́n fi ẹfun ṣe, bíi ti awọ màlúù, pH 5 ni tirẹ̀ súnmọ́. Èyí tí wọ́n fi ásíìdì ṣe, bíi ti awọ ẹlẹ́dẹ̀, wà láàárín 7 sí 9. Copper sulphate fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀nba ásíìdì nínú. Tí ẹ bá dà á sínú jẹ́látìn màlúù, ó lè fa pH wálẹ̀ wá sí ojú ibẹ̀ gan-an. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Mo wá fi sódà gbé pH sókè, bàbà fúnra rẹ̀ bá ṣubú sílẹ̀ bí ẹrẹ̀ aláwọ̀ omi òkun. Kí pH wálẹ̀ ni ọ̀nà àbájáde: ẹ kán ọtí kíkan sí i títí pH á fi súnmọ́ 3.5, tàbí kí ẹ lọ mú jẹ́látìn ẹlẹ́dẹ̀. Èyí kejì ni mo fara mọ́, torí ásíìdì púpọ̀ máa ń sọ jẹ́látìn di ọ̀lẹ, kò ní dì dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún ojú yín o. Jẹ́látìn tó rú díẹ̀ máa ń jọ aró tẹ́ ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, torí aró ló máa ń fọ́n ká jù. Mo ti yin ara mi rí fún àwọ̀ tí kò sí níbẹ̀. Ẹ gbé e sórí bébà dúdú, kẹ́ ẹ tún gbé e sórí funfun. Tó bá jẹ́ orí dúdú nìkan ló ti ń tàn bí aró, rírú ni ẹ ń wò, kì í ṣe bàbà.

Tí àwọ̀ ò bá kì tó, ẹ má fi copper sulphate kún un, ẹ mú kó nípọn sí i. Ìlọ́po méjì ìnípọn ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì bíi ti ìlọ́po méjì iyọ̀. Sulphate tó pọ̀ jù máa ń lé jẹ́látìn jáde kúrò nínú omi, á dì bíi fọ́nrán funfun. Iodide àti thiocyanate, tí wọ́n jẹ́ irú iyọ̀ mìíràn, ìdàkejì ni tiwọn, wọn ò tiẹ̀ ní jẹ́ kó dì rárá. Láti 1888 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hofmeister ti to àwọn iyọ̀ tẹ̀léra báyìí.

Cobalt chloride, iyọ̀ aláwọ̀ mìíràn, ló pa mí lẹ́rìn-ín. Mo pò ó mọ́ jẹ́látìn, mo dà á pẹlẹbẹ sórí gíláàsì, pupa rẹ́súrẹ́sú tó dára. Lọ́jọ́ kejì, etí rẹ̀ ti di aró ṣíṣú, àárín ṣì pupa. Mo mí sí etí yẹn, ó ń padà díẹ̀díẹ̀ lójú mi. Omi ló ti gbẹ létí, chloride ráyè dì mọ́ cobalt. Látìgbà náà, cobalt sulphate ni mò ń lò. Ferric chloride ní tirẹ̀ máa ń fi awọ líle bo ibi tó bá kán sí lójú ẹsẹ̀, ẹ gbàgbé ẹ̀. Chrome alum, iyọ̀ chromium, máa ń jẹ́ elése àlùkò nínú omi tútù, àmọ́ ooru ń sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, ó sì ń so jẹ́látìn mọ́ra débi pé omi gbígbóná ò ní lè yọ́ ọ mọ́.

Omi ẹ̀rọ ńkọ́? Tó bá jẹ́ silver nitrate lẹ fẹ́ lò, chloride inú omi ẹ̀rọ á sọ ọ́ di ìkùukùu funfun, omi distilled, tí kò ní iyọ̀ nínú, ni kẹ́ ẹ mú. Mo kán silver nitrate kan ṣoṣo sórí jẹ́látìn tí mo ti po potassium dichromate mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, òrùka pupa ti to ara wọn yíká ibẹ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn ń fẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí àárín. Onímọ̀ kẹ́mísìrì Liesegang ti ṣàlàyé irú rẹ̀ ní 1896; mi ò mọ̀ ọ́n nígbà náà, mo rò pé abọ́ mi ló dọ̀tí.

Dichromate àti cobalt lè fa àìsàn jẹjẹrẹ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì dà wọ́n sínú kòtò omi. Ẹ wọn pH ti àkọ́kọ́ yẹn, èyí tí ẹ kò tíì kán caustic soda sí, kí ẹ sọ iye rẹ̀ fún mi, àti bóyá ti màlúù ni jẹ́látìn yín.