Níbo Ni Àwọn Ọmọ Kíláàsì Wa Wà? A Dá Ẹ̀yin Òǹkàwé Lóhùn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 1991 ni àwa ogójì jáde nílé ẹ̀kọ́ girama nílùú Ìbàdàn níbí. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wa, a ti lọ sílé ọkọ, orúkọ ti yí padà. Mo wá wọn títí lórí Facebook, ẹni mẹ́ta péré ni mo rí. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Ìbejì, Ṣáńgo.

Ẹ kú ìtara, mà. Ẹ gbé Facebook sílẹ̀ ná. Ẹ wá ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i kó di òpó márùn-ún: orúkọ tí olùkọ́ fi ń pe ọmọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, àdúgbò tó ti ń wá síléèwé, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ tó wà níléèwé kan náà, àti iṣẹ́ tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ń ṣe. Bí ẹ ṣe jókòó ní kíláàsì ni kí ẹ tẹ̀ lé, láti àga iwájú dé tẹ̀yìn, torí ẹni tó jókòó ti ẹnìkan kì í tètè gbàgbé rẹ̀. Kí àwọn mẹ́ta tí ẹ ti rí náà kọ tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ má fi tiyín hàn wọ́n kí wọ́n tó parí. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á kàn ní "ó pé" ni, orúkọ tí ẹ gbàgbé á sì di ìgbàgbé pátápátá.

Òpó àdúgbò ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, torí agbo ilé la fi ń mọ ọmọ Ìbàdàn. Obìnrin lè lọ sílé ọkọ ní Àkúrẹ́, ó lè ti kọjá sí Kánádà, agbo ilé bàbá rẹ̀ ṣì wà ní Òjé tàbí Ìdí-Arẹrẹ níbi tí ẹ mọ̀ ọ́n sí. Kí ẹ̀yin méjì lọ, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ nígbà tí àwọn àgbà bá wà nílé. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ dárúkọ bàbá tàbí ìyá rẹ̀ àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kí ẹ tó dárúkọ ọmọ. Ẹ má béèrè nọ́ńbà rẹ̀ o. Ìbẹ̀rù gbájúẹ̀ àti gbọ́mọgbọ́mọ kò ní jẹ́ kí wọ́n fún yín, wọn ò sì jẹ̀bi. Nọ́ńbà tiyín ni kí ẹ kọ sílẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ń pè yín níléèwé àti ọdún tí ẹ jáde. Orúkọ ọkọ yín tí ẹ bá kọ síbẹ̀ kò ní yé e, kò sì ní pè.

Ẹ lè wá padà sórí Facebook lẹ́yìn náà. Onírúurú ọ̀nà ni kí ẹ fi kọ orúkọ kan: Sade, Shade, Folasade, Folashade; tàbí Rashidat, Rasheedat, Rasidat. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti yọ Fá kúrò nínú orúkọ wọn, tí Fábùnmi di Olúbùnmi tàbí Jésùbùnmi. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, arákùnrin rẹ̀ ni kí ẹ wá. Ìgbéyàwó kò yí orúkọ tiẹ̀ padà. Ẹ lọ sí ọjọ́ ìbí rẹ̀ lójú ewé rẹ̀, kí ẹ wo àwọn tó ń kí i ní "brọ̀dá mi".

Ó kù kan, ọ̀rọ̀ náà wúwo. Nínú ogójì èèyàn tó jáde láti 1991, ẹ máa gbọ́ pé àwọn kan ti ṣaláìsí. Ẹ má gbé e sínú ẹgbẹ́ WhatsApp títí ẹ ó fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹbí olóògbé gan-an. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè ti kú, kí wọ́n máa ṣèdárò alààyè, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì kà á.

Mo pe nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mi tí mo ti ní láti 2019, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló gbé e. Ṣé wọ́n jí fóònù rẹ̀ ni? Òǹkàwé, Mókọ́lá.

Ó lè má jẹ́ olè. Ìlànà NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó iléeṣẹ́ fóònù, fàyè gba iléeṣẹ́ fóònù láti ti nọ́ńbà tí ẹni tó ni ín kò ná owó kankan lé lórí fún oṣù mẹ́fà. Bó bá tún pé oṣù mẹ́fà sí i bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà náà lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kó di ti ẹlòmíràn. Ní oṣù Kẹrin 2022, ìjọba tún ní kí wọ́n má jẹ́ kí nọ́ńbà tí wọn ò tíì so mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ìjọba, pè jáde mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn pa nọ́ńbà wọn tì nígbà náà. Nítorí náà, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ àṣírí ránṣẹ́ sí nọ́ńbà àtijọ́ láìkọ́kọ́ gbọ́ ohùn ẹni tó wà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ má ṣí WhatsApp tuntun. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Change number. Nọ́ńbà àtijọ́ lókè, tuntun nísàlẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ tí ẹ wà ló máa tẹ̀ lé yín, yóò sì sọ fún wọn pé ẹ ti pààrọ̀. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà àtijọ́ á ṣì jókòó sínú ẹgbẹ́, wọ́n á máa kọ̀wé sí i, kò ní sẹ́ni tó ń kà á. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ máa ń kọ ọdún tó fi gbọ́ ohùn ẹni kẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà. Ogójì èèyàn kò pọ̀: bó bá ń pe ẹni mẹ́rin lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ti parí rẹ̀.

Ọmọ kíláàsì wa kan kọ̀wé lórí WhatsApp pé kí n yá òun ní ₦80,000 kíákíá, òun á dá a padà lálẹ́. Òǹkàwé, Challenge.

Ẹ má fi ránṣẹ́. Ẹ pè é lórí nọ́ńbà gan-an, kì í ṣe lórí WhatsApp. Bí kò bá gbé e, ẹ pe ẹlòmíràn tó sún mọ́ ọn. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tó fi ránṣẹ́: bí kì í bá ṣe tiẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gba WhatsApp rẹ̀. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń gbà á ni pé wọ́n á ní kí èèyàn ka kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà kan tó wọlé sórí fóònù rẹ̀ fún wọn. Ẹ kìlọ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì tan Two-step verification (PIN tí ẹ yàn fúnra yín) lórí tiyín lónìí.

Ẹgbẹ́ wa ń dá ₦10,000 lóṣù. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ń gbé orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè síta, ojú tì mí. Mo yọ ara mi lóru. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ, ẹnikẹ́ni ò béèrè mi. Òǹkàwé, Ìwó Road.

Ó dùn wá fún yín, sà. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun kan tó lè mú kí ọkàn yín rọ̀: bí èèyàn bá yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, àwọn alákòóso nìkan ni WhatsApp ń sọ fún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè máa rò pé ẹ ṣì wà níbẹ̀, pé ẹ ń kà á, ẹ kò kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Ìdákẹ́jẹ́ wọn kì í ṣe ìkórìíra.

Ẹ̀yin akápò tí ẹ ń ka èyí, ìwé orúkọ tí ẹ fi ń máàkì ẹni tó san, tí ẹ ń fi àyè sílẹ̀ níwájú ẹni tí kò san, òun ló ń lé èèyàn. Kọ́rọ̀ ni kí ẹ ti máa rán kálukú létí. Àpapọ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde nìkan ni kó wá síta. Ẹ dá owó kékeré tí gbogbo èèyàn lè san fún ọ̀fọ̀ àti àìsàn, ₦500 tàbí ₦1,000, kí ìyókù jẹ́ ti ẹni tó bá wù. Ilé ara yín ni kí ẹ máa pàdé sí, ní yíyípo, dípò òtẹ́ẹ̀lì. Àmàlà tí wọ́n sè nílé kò ní kí ẹnikẹ́ni máa ṣírò owó lọ́kàn kó tó wá.

Ní tiyín, sà, ẹ má tíì padà sínú ẹgbẹ́. Ẹnìkan ṣoṣo ni kí ẹ wá, ẹni tí ẹ jọ jókòó. Ẹ má kọ̀wé sí i, ẹ pè é, kí ẹ sì sọ ọ́ báyìí: "Owó yẹn ò rọrùn fún mi lásìkò yìí, ṣùgbọ́n àárò yín ń sọ mí." Ẹ dúró kó fèsì. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àárọ̀ Sátidé, kó tó di aago mẹ́wàá, kí òde ìnáwó tó gbé e kúrò nílé.