Ẹ kọ́kọ́ tọpa ọ̀nà tí dátà yín ń gbà kí ẹ tó ra AI

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní MD yín ti ìpàdé kan dé, ó sì ti pinnu pé kí ọdún yìí tó parí, AI ni yóò máa sọ ẹni tí ilé-iṣẹ́ yín máa yá lówó àti ẹni tí kò ní yá. Ẹ ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yarí pé àfi kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gba enterprise architect, ẹni tó ń wo bí iṣẹ́, sọ́fítíwíà àti dátà ilé-iṣẹ́ ṣe so kọ́ra, owó onítọ̀hún sì ju ti AI fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ wá ń béèrè bóyá iṣẹ́ gidi ni, àbí àwọn tó ń fi àwòrán gba owó lọ́wọ́ ènìyàn ni.

Oríṣi méjèèjì ló wà. Mo ti ṣiṣẹ́ ní báńkì kan l'Ékòó níbi tí architect wa ti ya àwòrán bo ògiri, àpótí aláwọ̀ oríṣiríṣi, ọfà sọ́tùn-ún sósì, tí ẹnì kankan nínú àwọn tó ń kọ kóòdù kò sì yà wò ó. Wọ́n san owó rẹ̀ pé, ó dágbére, àwòrán wà lórí ògiri títí wọ́n fi tún ọ́fíìsì kùn. Bó bá jẹ́ irú ìyẹn ni wọ́n fẹ́ gbà fún yín, ẹ fowó yẹn ra jẹnẹrétọ̀.

Èyí tí mo rí n'Íbàdàn ni mo fẹ́ sọ. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó ni. Ohun tí MD yín fẹ́ gan-an ni wọ́n ń ṣe nígbà tí mo débẹ̀, àwọn ọmọ tó sì kọ́ model náà, ìyẹn AI tó ń fi àkọsílẹ̀ àtijọ́ ṣe ìpinnu, mọṣẹ́ dunjú. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ owó yíyá ọdún púpọ̀ jọ, wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n dán an wò, èsì rẹ̀ wuyì lójú gbogbo wa. Ìgbà tá a gbé e síta ló di wàhálà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ìyá ọjà Bódìjà tó ti ń bá wa yáwó tipẹ́, àwọn tí kò jẹ wá ní kọ́bọ̀. Ó ní wọ́n máa ń pẹ́ sanwó. Àwọn ìyá yìí fa káàdì wọn yọ, ọ́físà wa tó ń gba owó lọ́jà ti fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tó fò. Àwọn ọmọ wa tún model kọ́, wọ́n yí eléyìí padà, wọ́n yí tọ̀hún padà, ohun kan náà ló ń sọ.

Ẹni tó tú u ni architect tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Obìnrin kan ni, kò yàwòrán kankan ní gbogbo ìgbà tó kọ́kọ́ dé. Ó tẹ̀ lé ọ́físà kan lọ sọ́jà, ó wo bí wọ́n ṣe gba owó oníbàárà kan ní ọjọ́ Ajé, ó sì ń tọ owó yẹn lẹ́yìn títí ó fi dé inú ìròyìn tí MD ń kà. Ó bá a pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ka yẹn kì í dúró, akọ̀wé wọn wá ti sọ ọ́ dàṣà pé ọjọ́ Ẹtì ni òun ń tẹ gbogbo owó ọ̀sẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Sọ́fítíwíà sì ń kọ ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìsanwó. Ẹni tó sanwó lọ́jọ́ Ajé ti di ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́rin pẹ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń fi fóònù sanwó ní tiwọn, owó wọn ń gba orí ìlà NIBSS, èyí tó ń gbé owó láti báńkì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀, tó ti wà láti 2011, ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ ló bá a wọlé. Ó ṣe tán, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ka Bódìjà ṣe ń ṣe ni model wa kọ́, ó sì kọ́ ọ dáadáa.

Nígbà tó wá jókòó tì wá, ó fi hàn wá pé ibi mẹ́ta la ti ń kọ “ọjọ́ ìsanwó” sílẹ̀, ìtumọ̀ mẹ́ta ló sì ní: ọjọ́ tí oníbàárà fowó lé wọn lọ́wọ́, ọjọ́ tí akọ̀wé tẹ̀ ẹ́, àti ọjọ́ tí core banking, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú àkáǹtì, pa ìwé ọjọ́ náà dé. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Kò ṣáà sẹ́ni tó láṣẹ láti sọ èwo ni kí gbogbo wa máa lò. Iṣẹ́ enterprise architecture nìyẹn, ẹ̀gbọ́n: kéèyàn mọ ohun tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe, sọ́fítíwíà tó ń ṣe é, dátà tó ń ti ibì kan lọ sí ibòmíràn, ẹni tó ni ín, kó sì lè sọ ohun tó máa bàjẹ́ bí ẹ bá fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn.

Ti orúkọ tún burú ju ti ọjọ́ lọ. BVN ti wà láti 2014, NIN náà wà, nọ́ńbà mọ́kànlá-mọ́kànlá ni méjèèjì. Ẹ wá wo oníbàárà kan ṣoṣo: orúkọ ilé ọkọ ló fi gba NIN, orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lórí BVN, “Ìyá Ìbejì” ni ọ́físà kọ sínú fáìlì. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ jẹ́ 1 January níbì kan, torí kò mọ ọjọ́ gan-an. Nọ́ńbà fóònù tó kọ sílẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tí ilé-iṣẹ́ fóònù tún un tà fún. Lójú AI, ènìyàn mẹ́ta nìyẹn, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ gbèsè. Ìjà tá a jà lórí ẹ̀ka tó máa ni orúkọ oníbàárà pẹ́ ju kíkọ́ model lọ. Àwọn risk, tó ń wo ewu gbèsè, ní àwọn ni, àwọn operations, tó ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́, ní irọ́ ni, marketing ti ní Excel tiwọn tí wọn kì í fi han ẹnikẹ́ni. Melvin Conway, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ ní 1968 pé bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni ètò tí wọ́n bá kọ́ ṣe máa rí. Risk àti operations kì í kí ara wọn ní tiwa. Sọ́fítíwíà wọn náà kì í kí ara wọn.

Kẹ́ ẹ má baà rò pé ilé-iṣẹ́ kéékèèké níbí nìkan ló ń ṣe é. Ní April 2018, báńkì TSB ní Britain kó àwọn oníbàárà rẹ̀ kúrò lórí ètò kọ̀ǹpútà Lloyds bọ́ sórí tuntun. Àwọn tó tó mílíọ̀nù 1.9 ni kò lè wọ àkáǹtì wọn dáadáa. Ní December 2022, àwọn aláṣẹ gba owó ìtanràn £48.65 mílíọ̀nù lọ́wọ́ wọn. AI kankan ò sí níbẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Air Canada ni tiyín fara pẹ́ jù: chatbot wọn, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè oníbàárà, sọ fún ọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ àgbà kú pé ó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ná kó tó béèrè ẹ̀dínwó ọ̀fọ̀. Ojú ìwé mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ kan náà sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ sọ pé chatbot ló sọ ọ́, kì í ṣe àwọn. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní British Columbia kò gbà, ní February 2024 wọ́n ní kí wọ́n sanwó fún ọkùnrin náà. Òfin kan, ẹnu méjì, kò sì sẹ́ni tó ń ṣọ́ kí ẹnu méjèèjì bára mu. Ẹ bi MD yín pé ibo ni òfin owó yíyá yín wà gan-an: inú ìwé, inú kóòdù, àbí inú orí ọ̀gá ẹ̀ka?

Ẹ jẹ́ n padà sí Ìbàdàn, torí ibi tí ọ̀rọ̀ ìyípadà ilé-iṣẹ́ ti wọlé nìyí. Tí a bá fẹ́ ọjọ́ ìsanwó tòótọ́, a ò lè tún kóòdù nìkan ṣe. A ní láti fún àwọn ọ́físà ní áàpù tí wọ́n á fi kọ owó sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti gbà á, kódà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Bí ìyẹn ṣe dé, iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì àwọn akọ̀wé tán nìyẹn. Wọ́n rò pé a fẹ́ lé wọn, wọ́n sì ní ìdí láti rò bẹ́ẹ̀. Àwọn kan lára àwọn ọ́físà náà kò fẹ́ áàpù yẹn rárá, torí owó tí wọ́n ń gbà lọ́jọ́ Ajé ti máa ń sinmi díẹ̀ lọ́wọ́ wọn kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ẹ̀dá ènìyàn ló yí padà kí ti kọ̀ǹpútà tó yí, a sì ní láti dúró kí dátà tuntun pọ̀ tó kí model tó tún lè kọ́ nǹkan gidi. MD bínú. Ó ti ṣèlérí fún ìgbìmọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí architect yẹn lè sọ pé “ó dìgbà” kí wọ́n sì gbọ́ ni pé MD gan-an ló ń jábọ̀ fún. Ká ní abẹ́ ọ̀gá IT ló wà ni, wọ́n á ti pa á lẹ́nu mọ́, torí ọ̀gá IT ló ra model náà. Ẹ fi èyí sí ọkàn nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀.

Architect yẹn náà ló rántí òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023. Òfin yẹn fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ẹ̀rọ nìkan má ṣe ìpinnu tó kàn án gbọ̀ngbọ̀n láìsí ènìyàn níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní àwọn ibi tó yọ sílẹ̀. Nítorí náà ọ̀gá ẹ̀ka ní láti lè yí ìdáhùn AI padà, kó sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún fi ìlà kan ṣoṣo han lọ́yà wa, láti sáfà wa, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà, títí dé sáfà òkè òkun tí model ń lò, pé BVN àwọn ènìyàn ń gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́yà dìde lórí àga. Àwòrán kan ṣoṣo tó wúlò jù tí mo tíì rí nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, orí bébà lásán ló sì yà á sí.

Ní ti TOGAF tẹ́ ẹ béèrè, ìlànà tí àwọn enterprise architect fi ń ṣiṣẹ́: ó ti wà láti 1995, ó dára, ẹ má fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nìkan gba ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ tó tó tiyín kò nílò ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ mú fáìlì oníbàárà kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó bi yín ní ìbéèrè. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó kọ ọ́ àti ìgbà tó kọ ọ́, ẹ gbà á. Bó bá ṣí PowerPoint, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tó bí wọ́n ṣe sọ fún yín. Ẹ fún un ní iṣẹ́ oṣù díẹ̀ lórí irú owó yíyá kan ṣoṣo, ẹ̀ka kan tàbí méjì. Kí MD má baà bínú, ẹ lè fi AI ka ẹ̀sùn àwọn oníbàárà kó pín in sí ẹ̀ka tó yẹ ná. Bó bá ṣìnà níbẹ̀, kò sí ẹni tí ẹ máa dù lówó. Tí ẹ bá ti mọ sọ́fítíwíà tẹ́ ẹ ń lò àti ẹni tó ń tẹ ọjọ́ ìsanwó wọlé ní ẹ̀ka yín, ẹ kọ ọ́ síbí, kí n sọ ibi tí mo máa kọ́kọ́ wò.