Ẹ̀ ń se họ́ọ̀pù yín jù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń pọn bíà nílé ní London, lítà 20 lẹ́ẹ̀kan. Mo ra họ́ọ̀pù, òdòdó tí wọ́n ń fi sí bíà kó lè korò, kó sì ta sánsán. Irú tí wọ́n ń pè ní East Kent Goldings ni, wọ́n kọ 5% sí i lára, mo sè é fún wákàtí kan gbáko, síbẹ̀ bíà náà kàn korò ni, kò ta sánsán. Ẹnì kan ní 5% ti kéré jù, pé kí n lọ ra 15%. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó sì ń bí mi nínú pé àwọn kan ṣì ń fi nọ́ńbà yìí gba owó lọ́wọ́ ènìyàn.

5% yẹn kò sọ nǹkan kan nípa òórùn. Ásíìdì alpha ló ń wọ̀n. Inú lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò tó wà nínú òdòdó họ́ọ̀pù ni ásíìdì yìí wà, iná ló sì ń yí i padà di ìkorò. Bó bá ṣe ń pẹ́ lórí iná tó ni bíà ń korò sí i. Òórùn ní tirẹ̀, inú òróró ló wà, òróró náà sì máa ń bá oru lọ. Ṣé ẹ máa ń fi efinrin sọ́bẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni? Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi se Goldings fún wákàtí kan?

Bí ẹ bá fi 15% rọ́pò rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ìkorò á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta, òórùn tẹ́ ẹ torí ẹ̀ náwó kò sì ní sí níbẹ̀. Goldings kì í sábà kọjá 4% sí 6%. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Òórùn rẹ̀ rọra ń jáde ni: oyin, òdòdó, èèpo ọsàn, àti òórùn ilẹ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ òórùn máńgòrò lẹ̀ ń wá, họ́ọ̀pù Amẹ́ríkà bíi Citra ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹ fi gíráàmù 30 sí i níbẹ̀rẹ̀ fún ìkorò. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ paná, ẹ fi 25 sí i. Lẹ́yìn tí ìwúkàrà tó ń sọ ọ́ di ọtí bá ti parí iṣẹ́, ẹ ju 20 sínú àgbá fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn apọnbíà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà máa ń fi Goldings gbígbẹ sínú àgbá bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí mo sọ yìí kì í ṣe òfin o, torí ìkórè ọdún kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Ẹ wo ọdún ìkórè lára páálí. Bó bá ń rùn bíi wàràkàṣì, ó ti bàjẹ́, ẹ dà á nù. Inú fírísà ló yẹ kó wà, nínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Ẹ ka orúkọ rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú: láti ọdún 2013 ni òfin ti dáàbò bo East Kent Goldings, èyí tí wọn kò bá gbìn ní ìlà-oòrùn Kent kò lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ náà.

Ẹ jọ̀wọ́, tí ajá bá wà nílé yín, ẹ má da pàǹtírí họ́ọ̀pù síbi tó lè dé. Ó máa ń mú kí ara ajá gbóná kọjá ààlà, ó sì lè pa á. Tó bá ti jẹ ẹ́, ẹ má dúró wò ó níran, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀.