Ṣé kò dáa kí n máa gbowó omi borehole ni?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù aláékúmù Ààfáà wa. Ìjẹ̀bú-Òde là ń gbé, a gbẹ́ borehole sínú ilé, ará àdúgbò ń wá pọn ún, mo sì ń gba ₦50 lórí kẹ́ẹ̀gì kan tórí epo jẹnẹrétọ̀. Ọmọ mi ní UN (Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé) ti sọ pé omi jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo èèyàn, pé owó tí mò ń gbà yẹn ò dáa. Ṣé háráàmù ni sà? Omi àlùwàlá ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Wa aláékúmù sàláámù, Àlájà. Kì í ṣe háráàmù o, ẹ fọkàn balẹ̀. Òótọ́ lọmọ yín sọ, July 28, 2010 ni UN dìbò pé omi mímu tó mọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, orílẹ̀-èdè 122 fọwọ́ sí i, 41 ò dá sí i, kò sẹ́ni tó ta kò ó. Àmọ́ ìjọba ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀, kì í ṣe ìyá tó fowó ara ẹ̀ gbẹ́ borehole, wọn ò sì sọ pé ọ̀fẹ́ ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kówó ẹ̀ ṣáà má kọjá agbára tálákà ni. (Tómi ìjọba bá ń yọ dáadáa, ta ló máa gbé kẹ́ẹ̀gì wá sílé yín?)

Nínú ẹ̀sìn, Abu Dawud, ọ̀kan nínú àwọn tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ sínú ìwé, gbà á wá pé Ànábì (SAW) ní àwọn Mùsùlùmí ló jọ ni omi, koríko àti iná. Omi odò nìyẹn o, èyí téèyàn bá ti fà sínú táǹkì ti di tiẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ó lè tà á. Owó epo, owó pọ́ńpù tó bàjẹ́, ẹ gbà á.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé: nínú Bukhari, ìwé ọ̀rọ̀ Ànábì míì, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí Ọlọ́hun ò ní bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ ni ẹni tómi ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹ̀ tó wá fi du arìnrìn-àjò. Nítorí náà tí ìyá arúgbó bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dé tí ò ní ₦50, tómi sì wà nínú táǹkì, ẹ ò gbọ́dọ̀ dá a padà lófìfo, bẹ́ẹ̀ náà ni ewúrẹ́ tóǹgbẹ ń gbẹ. Ẹni tó fẹ́ fi fọ mọ́tò tàbí fi po sìmẹ́ǹtì, kó sanwó ẹ̀ jàre. Èyí tó máa ń bí mi nínú ni àwọn tó ń sọ ₦50 di ₦150 nígbà Iléyá, tórí ará Èkó ti ya wálé wá wo Ojúde Ọba.

Ti àlùwàlá, ẹni tó bá lówó kó ra omi, tówó ò bá sí tí kò sì rẹ́ni fún un, kó ṣe tayamọ́mù (kó fi erùpẹ̀ tó mọ́ rọ́pò omi àlùwàlá), kó kírun ẹ̀, kò ní tún un kí.