Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú fèrèsé Mercedes 600 yẹn dànù

Bọ̀dá tó kọ̀wé láti Ìlẹ́ṣà, mo rí ìbéèrè yín pé gíláàsì ẹ̀yìn Mercedes 600 tí bàbá yín fi sílẹ̀ ń rọra sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, àti pé rẹwáyà ní kí ẹ jẹ́ kóun fi mọ́tò oníná rọ́pò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún un. Irú rẹ̀ ni ọkọ mi ní n'Ífẹ̀ níbí, ojú wa sì rí màbo.

Kò sí mọ́tò kankan nínú ilẹ̀kùn yẹn. Ọ́ìlì ló ń gbé gíláàsì, òun náà ló ń ti àga síwá sẹ́yìn. Páǹpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń fún un lágbára, agbára tó fi ń ti ọ́ìlì ọ̀hún sì tó 150 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn irú agbára bẹ́ẹ̀). Bí ẹ bá ṣe tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ tó ni gíláàsì ṣe ń yára tó, láìsí ariwo. 2,677 péré ni wọ́n ṣe nínú irú ọkọ̀ yìí kí wọ́n tó dáwọ́ dúró lọ́dún 1981. Irú rẹ̀ kọ́ la fi ń kọ́ṣẹ́.

Ẹni tó ba tiwa jẹ́, Èkó la ti mú un wá, wọ́n ní ògbóǹkangí ni lórí Benz. Ó rí i pé ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀, ló bá da ọ́ìlì bíréèkì kún un. Mo bi í pé ṣé irú èyí ló ń lò, ó ní, "Màmá, ọ́ìlì lọ́ìlì ń jẹ́." Kò pẹ́ tí àwọn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Gíláàsì kan há sáàárín, òmíràn já wọnú ilẹ̀kùn, àga ọkọ mi lọ síwájú kò padà mọ́. Nígbà tí a tú ilẹ̀kùn, rọ́bà tó yẹ kó le ń yọ́ dúdú sí mi níka, ọ̀dà ibi tó jò sí ti bó. Gbogbo ibi tí ọ́ìlì náà dé la ní láti tú: ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, abẹ́ àga, ìdí búùtù. Inú ṣì ń bí mi.

A ra rọ́bà láti Jámánì. Ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì tó yẹ kó kó o lé wa lọ́wọ́ ní ọjà títà ni, torí pé ó pọ̀. Rọ́bà roboto bí òrùka! Owó tó gbà ju owó rọ́bà lọ. Tí ẹ bá ń ra tiyín, ẹ ní kí olùtajà kọ nọ́ńbà ṣásíì ọkọ̀ yín sórí rìsíìtì, kí wọ́n lè rí i pé ọkọ̀ yín lẹ rà á fún, kì í ṣe fún títà.

Ní tiyín, ó dà bíi pé rọ́bà ló gbó. Ẹ tú agbára tí páǹpù ti kó sínú ọ́ìlì rẹ̀ dànù kí ẹ tó fọwọ́ kan páìpù, ẹ̀yin náà mọ ìyẹn. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà, ẹ da ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ náà dárúkọ sí i, ó parí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi bọ́tìnnì ṣeré o, gíláàsì yẹn lè fọ́ ìka. Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ láìfi igi gbé e dúró, afẹ́fẹ́ ló gbé e, kì í ṣe sípíríǹgì, bí afẹ́fẹ́ bá tú, ọkọ̀ á sọ̀kalẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi rẹwáyà yẹn bóyá ó ti da nǹkan kan sí i. Bó bá ti dà á, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì rárá, torí bó bá ti ń yí ni páǹpù á máa tì í lọ sí gbogbo ilẹ̀kùn.