Ẹ má tíì rán àwọn olùkọ́ yín lọ sí sémínà kẹrin

Ẹ ní ẹ ti rán àwọn olùkọ́ yín lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún méjì, wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí bọ̀, síbẹ̀ èsì àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe ò kúrò lójú kan. Ẹ wá ń bèèrè bóyá àwọn olùkọ́ náà ni kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá wọn wí. Ohun tó ń ṣe wọ́n ti ṣe èmi náà rí.

Ó ti lé lọ́dún 15 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń ni lára. Ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, kò sí sémínà tí mi ò lọ. Màá kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, inú mi á dùn. Tó bá di ọjọ́ Ajé, mo tún padà sí bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí etí mi gbọ́ ni kò tíì mọ́ mi lọ́wọ́, pàápàá nígbà tí ọmọ 30 bá ń wò mí lójú, tí ọ̀kan ń sunkún, tí agogo sì fẹ́ dún.

Olùkọ́ kan tó ṣáájú mi lẹ́nu iṣẹ́ ló gbà mí. Ó tọrọ àyè kó wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi fún ìṣẹ́jú 20, tòun ti aago àti bírò. Nígbà tí a parí, kò yìn mí, kò sì bú mi. Ó kàn fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ hàn mí. Ìbéèrè 23 ni mo bi kíláàsì. Mẹ́rin péré ló kan àwọn ọmọ tí mò ń tìtorí wọn lọ sémínà. Nínú mẹ́rin yẹn, kò sí ọ̀kan tí mo dúró gba èsì rẹ̀: kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, mo ti dáhùn fún ọmọ náà tàbí mo ti pe ẹlòmíì. Omi bọ́ lójú mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń pe ọmọ ní ẹni tí kò mọ èsì, èmi ni mi ò jẹ́ kó sọ ọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n ti kọ́ wa ní èyí ní sémínà. Wọ́n ní Mary Budd Rowe, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, rí i pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 ni olùkọ́ ń dúró lẹ́yìn ìbéèrè, pé nígbà tí wọ́n fà á dé 3, èsì àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sábà sọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ó wà nínú ìwé mi. Mo tilẹ̀ fa ìlà sí i nídìí.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún 11. Lọ́sẹ̀ kẹta tí mo ti ń ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn mi, mo bi í ìdí tí omi fi gbẹ nínú abọ́ tí a gbé sóòrùn. Ó wo ilẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀, mo pa ẹnu mọ́. Ó ní, "Ó gòkè lọ, àmọ́ a ò rí i." Odindi gbólóhùn, láti ẹnu ọmọ tí wọ́n kọ sínú fáìlì rẹ̀ pé kì í dáhùn.

Bruce Joyce àti Beverly Showers, àwọn onímọ̀ nípa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, ti ń sọ ọ́ láti nǹkan bí ọdún 1980 pé àlàyé àti àfihàn nìkan kì í sábà dé kíláàsì, àfi tí ẹnìkan bá ń tẹ̀ lé olùkọ́ lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, ẹ wá àyè fún olùkọ́ tó dáńtọ́ kan kó máa wọ kíláàsì àwọn yòókù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kó wo ohun kan ṣoṣo, kí wọ́n jọ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí òun náà sì gba ṣọ́ọ̀kì, kó ṣe é lójú wọn. Lọ́jọ́ kejì tí olùkọ́ tó gbà mí yẹn wá, ìṣẹ́jú 10 tó fi kọ́ àwọn ọmọ mi ni mo ṣì ń jẹ títí dòní: ó ka ọ̀rọ̀ lójú wọn, wọ́n jọ kà á, kó tó ní kí wọ́n dá a kà. Apá àárín yẹn, "ká jọ ṣe é", èmi kì í ṣe é rárá.

Ohun kan ló lè bà á jẹ́: kí ẹni tó ń wo kíláàsì máa gbé ìròyìn lọ bá ọ̀gá. Mo ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó pé oṣù kan, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ti ní ẹ̀kọ́ tó tọ́jú pa mọ́ de ọjọ́ àbẹ̀wò. Ẹ má béèrè ìwé tí ẹni tó ń wo kíláàsì kọ.

Ẹ má sì dúró de ìdánwò òpin ọdún kí ẹ tó mọ ibi tí ọmọ dé. Ọ̀nà tí Stanley Deno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota, ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 ni mò ń lò: lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọmọ á kàwé sókè fún ìṣẹ́jú 1, màá ka iye ọ̀rọ̀ tó pè bó ṣe yẹ, màá fi àmì sí i lórí ìwé. Ọmọkùnrin yẹn ka 14, 15, 14, 15. Tẹ́lẹ̀ rí, ǹ bá ti ní ọpọlọ rẹ̀ ni kò gbé e. Àmì tó tò sójú kan yẹn fi yé mi pé ọ̀nà tí mo gbà ni kò bá a mu. Mo gbé ìwé ìtàn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, a padà sídìí ìró: kó máa pàtẹ́wọ́ fún ìró kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ kó tó rí i lójú ìwé. Ó di 19, ó di 22, ó di 27. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi àmì sí i, kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Ẹ fi àwọn olùrànlọ́wọ́ kíláàsì kún un. Àwọn ló ń jókòó ti ọmọ jù, ẹnikẹ́ni kì í sì í kọ́ wọn. Èyí tí mo ní fẹ́ràn ọmọ náà débi pé ó ń bá a kọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ti ọmọ tí kò gbọ́ràn tàbí tí kò ríran yàtọ̀ o. Olùkọ́ tí kò mọ èdè àwọn adití tàbí Braille, ìwé tí àwọn afọ́jú ń fi ìka kà, gbọ́dọ̀ lọ kọ́ ọ, ìyẹn sì ń gba ọdún.

Fún àwọn yòókù, ẹ fi olùkọ́ méjì tó bá fúnra wọn yọ̀ǹda bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ 8. Tó bá wù wọ́n láti fi ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ hàn yín, wọ́n á mú un wá fúnra wọn.