Ṣé kí n ra software sínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, àbí kí n máa lo ti orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìlù ni mo ń ṣe tí mo sì ń tà ní Ọ̀yọ́, iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ bàbá mi ni. Àwọn oníbàárà mi kì í ṣe ará ìlú nìkan mọ́; àwọn kan ń pè láti Èkó, àwọn kan láti òkè òkun. Ọ̀gbẹ́ni kan ní òun máa kọ software tí màá fi máa ṣe àkọsílẹ̀ ọjà àti oníbàárà, òun á gbé e sínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Owó gọbọi ló bù lé e. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní LAUTECH ní kí n má san án, pé irú rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé òótọ́ sì ni pé iṣẹ́ kékeré bíi tèmi lè rí ọjà tà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ: ẹ má san owó yẹn. Àmọ́ ẹ má tíì lé ọ̀gbẹ́ni náà lọ, torí iṣẹ́ mìíràn wà tó yẹ kó ṣe fún yín. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ohun kan wà tó yẹ kéèyàn háyà, òmíràn wà tó yẹ kó sanwó pé kí wọ́n bá òun ṣe, òmíràn sì wà tí kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà kan, inú páálí ni software ti ń wá. Èèyàn á ra CD, á gbé e sínú kọ̀ǹpútà kan, bí kọ̀ǹpútà yẹn bá sì kú, àkọsílẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà kò sì ju ohun tí èèyàn ń kà lọ. Tí ẹ bá tẹ ibì kan, gbogbo rẹ̀ á funfun báláú, ẹ ó jókòó tì í títí yóò fi padà wá. Lọ́dún 1999, Microsoft fi ọ̀nà kan sínú Internet Explorer 5, software tí èèyàn fi ń ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, tí ojú ìwé fi lè máa béèrè nǹkan lábẹ́lẹ̀ láìṣí ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ ìwúlò rẹ̀ títí Google fi gbé Gmail jáde lọ́dún 2004, tí Google Maps sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2005. Ẹ̀yin náà á ti rí i: ẹ fi ìka wọ́ máàpù láti Akẹ̀sán lọ sí Owódé, àwọn títì ń yọ bí ẹ ṣe ń wọ́ ọ. Oṣù kejì ọdún 2005 yẹn ni Jesse James Garrett sọ ọgbọ́n náà lórúkọ, ó pè é ní Ajax.

Àtìgbà náà ni software ti ń jáde kúrò nínú páálí. Adobe tó ni Photoshop kéde lọ́dún 2013 pé àwọn kò ní ṣe Creative Suite tuntun mọ́, ìyẹn àkójọ Photoshop àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan, pé kí oníbàárà máa san owó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó háyà rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni ẹni tó ni irú software bẹ́ẹ̀ ti ń tún un ṣe, gbogbo ẹni tó ń lò ó á sì rí àtúnṣe náà gbà. Ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ èèyàn tí ẹ kò mọ̀ rí lẹ jọ ń pín owó rẹ̀ san, ìdí nìyẹn tó fi rọjú.

Àkọsílẹ̀ ọjà tí ọ̀gbẹ́ni yẹn fẹ́ kọ kò yàtọ̀ sí ti oníbàtà tàbí aláṣọ òfì. Google Sheets, ìwé àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, á gbé e: orúkọ oníbàárà, irú ìlù, owó àsansílẹ̀, ọjọ́ tó fẹ́ gbà á. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ ní Ọ̀yọ́, ọmọ yín á rí i ní Ògbómọ̀ṣọ́ lójú ẹsẹ̀. Kó bá yín tan èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, kí iṣẹ́ má baà dúró nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ń ṣe ségesège.

Ní ti ọjà, bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀. Nínú ìlú kan ṣoṣo, mélòó ni ẹni tó ń wá gúdúgúdú tuntun? Àmọ́ kò sí ìlú ńlá tí ẹ ò ní rí díẹ̀ nínú wọn: onílù ṣọ́ọ̀ṣì, olùkọ́ orin, ọmọ Yorùbá tó fẹ́ kí ọmọ òun mọ ìlù. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá kó àwọn díẹ̀díẹ̀ yìí jọ, wọ́n ti tó ọjà. Orí irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dá Etsy sílẹ̀ lé ní New York lọ́dún 2005, ojúkò tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń tajà fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn.

Ìlù kì í ṣe bàtà, ẹni tó fẹ́ rà á fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ibí gan-an ni mo ti fẹ́ kí ẹ náwó. Ẹ ní kí ọ̀gbẹ́ni náà ṣe ojú ìwé tí oníbàárà á ti yan ìyáàlù tàbí gángan, á tẹ̀ ẹ́, á gbọ́ ohùn ìlù yẹn gan-an, kì í ṣe ti òmíràn. Bó bá ní òun fẹ́ ṣaworo, kí iye owó yí padà lójú rẹ̀ níbẹ̀. Kó tó sanwó rárá, kí ojú ìwé bi í pé orílẹ̀-èdè wo ni ìlù ń lọ. Awọ ewúrẹ́ ló wà lójú rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè kan kì í sì í fi ọ̀rọ̀ awọ ẹran ṣeré. Australia máa ń yẹ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹni tó ń kọ software fún gbogbo ayé kò ní rántí béèrè ìyẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.

Kò sí ìdí fún ọ̀gbẹ́ni náà láti kọ ti owó gbígbà. Paystack tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2015, tí Stripe, iléeṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kéde lọ́dún 2020 pé òun máa rà, ti ṣe ìyẹn. Ńṣe ló máa so ó mọ́ ojú ìwé yín. Bí a ṣe ń kọ software báyìí nìyẹn: a ń so èyí tó ti wà nílẹ̀ pọ̀, a sì ń fi agbára wa ṣe ìwọ̀nba tó kù. Torí náà, owó tó máa gbà gbọ́dọ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́ dáadáa.

Ohun tó gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ yín ni orúkọ ìkànnì, ìwé orúkọ oníbàárà, àti ohùn ìlù. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákú fún nǹkan bíi wákàtí 6. Ẹni tó jẹ́ pé orí WhatsApp nìkan ni oníbàárà rẹ̀ wà kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Google+, ojúkò tí Google ṣe kí èèyàn máa bára wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bíi Facebook, kógbá sílé pátápátá fún gbogbo èèyàn lọ́dún 2019. Nítorí náà, orúkọ yín àti ímeèlì yín ni kí wọ́n fi forúkọ ìkànnì sílẹ̀, kì í ṣe ti ọ̀gbẹ́ni náà. Lóṣooṣù, kí ọmọ yín da ìwé oníbàárà kọ sórí fláàṣì. Ẹ má sì gba ohun tí ẹ ò ní lò lọ́wọ́ oníbàárà, torí òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023. Ohunkóhun tí ẹ bá sì fẹ́ háyà, ẹ béèrè bóyá náírà ni wọ́n ń gbà tàbí dọ́là. Èyí tó jẹ́ dọ́là lè wọ́n sí i lóru ọjọ́ kan.

Kí ẹ tó pe ọ̀gbẹ́ni náà padà, ẹ wá ẹni tó mọ ìlù lù dáadáa, kó lu mẹ́ta nínú èyí tó wà nílẹ̀, kí ọmọ yín gbà á sílẹ̀ lórí fóònù níbi tí kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Ẹ gbé ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e lọ́wọ́, kí ẹ wá bi í pé èló ni òun máa gbà láti ṣe ojú ìwé tó máa lò wọ́n.